Bàbá Ni Kó Kọ́kọ́ Dáhùn

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sàn ju ọmọ iṣẹ́ télọ̀ lọ. Irọ́ gbuu ni. Tí télọ̀ bá rán aṣọ tán, ó tán nìyẹn. Ẹni tó ni ín á wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ta ló rí ibi tí sọ́fítíwíà ti tán rí? Ọdún mẹ́ta ni ìyá mi bá Ọ̀gá Olúgbádé ṣàdéhùn nígbà tí wọ́n fi èmi Sàúdátù sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ní 2001. Nígbà tí 2006 fi máa wọlé, mo ṣì wà níbẹ̀, mi ò gba òmìnira.

Ẹ má bínú pé mò ń pe Ọ̀gá ní "ó". Ojú ẹ̀ kọ́ ni mo ti ń sọ ọ́.

Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé àdéhùn yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀: "Ọmọ iṣẹ́ kò ní gba òmìnira títí yóò fi parí gbogbo iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀." Ọwọ́ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní Lotto, ní Mowé, ni Ọ̀gá ti yá ìwé náà dà kọ. Ibi tí télọ̀ kọ "aṣọ" sí, Ọ̀gá pa á rẹ́, ó kọ "iṣẹ́". Ìyá mi tẹ ìka wọn sí i, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo rò pé ọdún mẹ́ta ni.

Mi ò ní ṣe aláìmoore o. Ọ̀gá ló kọ́ mi níṣẹ́. Olùkọ́ ìwé títẹ̀ ni ní Ìsẹ́yìn kó tó wá sí Mowé, ó ra kọ̀ǹpútà méjì àti ìwé ńlá kan tí òun fúnra ẹ̀ ò kà kọjá ojú ewé ogún. Èmi ni mo ka ìwé náà tán. Nínú ọdún kejì mi, mo ti ń kọ ètò tó ń ṣe ìwé èsì ìdánwò fún àwọn ilé ìwé aládàáni. Nígbà tó di pé ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní òfin tiẹ̀, tí wọ́n ń pè wá lójoojúmọ́ pé ká wá yí èyí, ká wá yí tọ̀hún, orí mi gbóná, mo bá kọ èdè kékeré kan. Èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Olùkọ́ á kọ òfin ilé ìwé ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, "ṣe àròpọ̀ èyí", "pín in sí mẹ́ta", kọ̀ǹpútà á máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì máa ṣe é. Ó dára, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọ̀gá wá sọ ọ́ ní "Gbádé". Orúkọ ara ẹ̀! Èmi tí mo kọ ọ́, orúkọ mi ò sí níbì kankan nínú ẹ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe rí. Bí mo bá parí, Ọ̀gá á rí nǹkan tuntun. Ó ní kó máa tẹ̀wé jáde ní àwọ̀ méjì. Mo ṣe é. Ó ní kó ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo ṣe é. Ìyá mi á lọ bẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá á ní, "Màmá, kò tíì parí ni. Ẹ ní sùúrù." Ìyá mi á padà wálé wá bá mi, "Sàúdátù, wọ́n ní o ò tíì parí iṣẹ́." Kò sẹ́ni tó bi èmi ní ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ mi lórí mi nìyẹn, èmi á sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ilẹ̀ ni màá máa wò.

Ní oṣù kejì ọdún 2006 ló tún gbé òmíràn dé. Ó ka ìwé ìròyìn kan ní Ìkẹjà, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èdè kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ọ́bújẹ́ẹ̀tì ti di ti àtijọ́. "Sàúdátù, fi ọ́bújẹ́ẹ̀tì sí Gbádé. Tó o bá ti ṣe ìyẹn, mo búra, o gba òmìnira."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ lójú ìyá mi. Ó sọ ọ́.

Inú mi dùn, nítorí ìyẹn nìkan nínú gbogbo ohun tó ti ń pàṣẹ ló nítumọ̀. Bí Gbádé ṣe wà tẹ́lẹ̀, orúkọ ọmọ ilé ìwé wà níbì kan, máàkì ẹ̀ wà níbòmíràn, òfin tí a fi ń pín máàkì náà tún wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ́bújẹ́ẹ̀tì ni pé kí gbogbo ẹ̀ wà pa pọ̀ sójú kan: akẹ́kọ̀ọ́ yìí rèé, ohun tó ní rèé, ohun tó lè ṣe rèé. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé irú kan lè jẹ́ ọmọ irú mìíràn. Èèyàn á kọ "Akẹ́kọ̀ọ́" lẹ́ẹ̀kan, á wá ní "Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun" jẹ́ ọmọ ẹ̀. Ọmọ á jogún gbogbo ohun tí bàbá ní, kò ní sídìí láti tún un kọ. Níbi tí ọmọ bá ti ní ọ̀nà tiẹ̀, tiẹ̀ ni wọn á tẹ̀ lé.

Ìlú tiwa nílò ẹ̀ ju ìlú mìíràn lọ. Lójoojúmọ́ làwọn ará Èkó ń kó wọ Mowé àti Ìbàfò, ọkọ̀ ẹrù ò yéé já ẹrù. Àwọn ọmọ wọn á wọlé ìwé láàárín ọdún, òmíràn ní tááàmù kejì, òmíràn ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó pín máàkì ẹ̀ sí mẹ́ta. Èyí tó wọlé ní tááàmù kejì, a ó pín tiẹ̀ sí méjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi oṣù mẹ́ta kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi han Ọ̀gá, mo ṣàlàyé bàbá àti ọmọ fún un. Ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí léèrè pé, "Tí àwọn méjèèjì bá ní ìdáhùn sí nǹkan kan náà ńkọ́? Ta ló máa kọ́kọ́ dáhùn?"

"Ọmọ ni sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Kí lo wí?"

"Ọmọ ni, sà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ayé nìyẹn. Tí ọmọ ò bá ní ìdáhùn la tó ń lọ bi bàbá."

"Gbogbo ayé wo? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nílé nìyẹn? Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ nílé, bàbá wà níbẹ̀, ọmọ á bọ́ síwájú á dáhùn, á tún yí ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ padà? Nínú Gbádé tèmi? Láéláé! Bàbá ni kó kọ́kọ́ dáhùn. Tí bàbá ò bá ní nǹkan sọ, kí ọmọ wá sọ tiẹ̀."

Mo ní, "Sà, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ ní ò ní wúlò."

"Ìwọ àti èmi, ta ni ọ̀gá?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mo lè ṣe é bó ṣe yẹ kí n má wí fún un, kò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi. Ìbínú mi kì í jẹ́ kí n ronú, ìyá mi ti máa ń sọ ọ́. Mo sọ nínú ara mi pé, ó dáa náà, bó ṣe fẹ́ ẹ ni kó rí, ìgbà tó bá bàjẹ́ á mọ̀. Mo pààrọ̀ ipò ìlà méjì. Bàbá lókè, ọmọ nísàlẹ̀. Ọ̀gá fi ṣe ìdánwò, ó yìn mí, a sì kó o fún ilé ìwé mẹ́rìnlá, láti Ìfọ̀ títí dé Ọ̀fàdà.

Mo ti lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà lóṣù kẹfà, mo sì yege. Wọ́n ní kí n mú ìwé òmìnira mi wá, kí n wọlé kí aago méjìlá ọ̀sán Mọ́ńdè kan báyìí tó lù. Tí mi ò bá dé, wọn á pe ẹni tó kàn. Mo fi lẹ́tà wọn han Ọ̀gá. Kò bínú. Ó tẹ ìwé òmìnira náà fúnra ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní Fúráìdeè lòun máa fọwọ́ sí i. Ìyá mi ti ń sọ fún gbogbo ará ilé. Èmi ò lè jẹun dáadáa, mò ń wo ìwé yẹn lórí tábìlì ṣáá.

Ní Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ náà, Ìyáàfin Adéyẹ́misí, tó ni ilé ìwé kan ládùúgbò wa ní Ìbàfò, bá wọlé pẹ̀lú ìwé èsì lápò. Wọn ò tíì pín in fáwọn ọmọ. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ ìwé mẹ́tàlélógún sílẹ̀.

"Ọ̀gá Olúgbádé, ẹ bá mi wò ó. Àwọn mẹ́tàlélógún yìí ló fìdí rẹmi. Gbogbo wọn ló jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ni. Kò yé mi."

Mi ò tíì wo ìwé kankan, mo ti mọ̀. Mo rí ìlà méjì yẹn lójú mi, bàbá lókè, ọmọ nísàlẹ̀. "Akẹ́kọ̀ọ́" ti ń dáhùn dípò "Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun". Gbogbo wọn ni kọ̀ǹpútà pín sí mẹ́ta.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mà, àwọn ọmọ Èkó wo ló ń kàwé? Kọ̀ǹpútà ò mojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n bá gbà ló máa kọ." Ó wá kọjú sí mi. Ìwé òmìnira mi wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀. "Àbí, Sàúdátù? Ṣé iṣẹ́ ti parí, àbí kò tíì parí?"

Ìyáàfin náà ń wò mí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, bóyá màá ti sọ ọ́.

Mo ní, "Ó ti parí, sà. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, mà."

Ó tán. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ní Fúráìdeè, Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé mi lójú ìyá mi, ó gbàdúrà fún mi, ìyá mi sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, kí n má bàa rí ojú wọn.

Ilé tí èmi àti ìyá mi háyà yàrá sí ní Ìbàfò, yàrá mẹ́jọ ló dojú kọra wọn. Ìdílé tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, Agége ni wọ́n ti wá nínú oṣù kìíní. Ọmọ wọn obìnrin ń jẹ́ Fúnmi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mo mọ̀ pé ilé ìwé Ìyáàfin Adéyẹ́misí ló ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n ní Wẹ́sìdeè yẹn. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé bóyá kò sí lára wọn.

Sátidé, mò ń lọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ Ìkẹjà. Fúnmi wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Àǹtí Sàúdá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ bá mi wò ó." Ó na ìwé èsì ẹ̀ àti ojú ewé kan tó ya nínú ìwé ìṣirò ẹ̀ sí mi. "Tááàmù kejì, mo gba mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gba mẹ́rìnléláàádọ́ta. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ àádọ́fà. Mo pín in sí méjì, mo rí márùndínlọ́gọ́ta. Kọ̀ǹpútà ní mẹ́tàdínlógójì. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò bá a mu."

Áyọ́ọ̀nù gbóná lọ́wọ́ mi.

"Bàbá mi ní kọ̀ǹpútà ò lè ṣì í, pé èmi ni mo ṣì í. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé kí n tún kíláàsì yẹn kà. Mo ti gbà pé olódo ni mí, Àǹtí. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn. Mo ní, "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀, màá wò ó tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Sọ́ńdè, mi ò jáde nínú yàrá.

Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, mo wà ní ibùdókọ̀ Ìbàfò. Ìwé òmìnira wà nínú báàgì mi, fíláàṣì tí mo fi ń kó iṣẹ́ wà lọ́rùn mi bí gbogbo wa ṣe ń fi í kọ́rùn nígbà yẹn. Ìyá mi ti gbàdúrà títí, wọ́n ní Ọlọ́hun á ṣílẹ̀kùn. Kọ̀ndọ́ ọkọ̀ Èkó ń ké, "Bẹ́jà, ó ku ẹnì kan! Bẹ́jà, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì!" Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹsẹ̀ kejì ò tẹ̀ lé e. Kọ̀ndọ́ bú mi, "Àǹtí, ẹ wọlé tàbí ẹ kúrò lọ́nà!" Èmi náà bú u padà, mo bú ìyá ẹ̀, mo bú awakọ̀ mọ́ ọn, ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọkọ̀ lọ. Mo dúró níbẹ̀, mò ń sunkún láàárín títì bí ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tó yá, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé.

Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi, àmọ́ Ìyáàfin Adéyẹ́misí wà ní ọ́fíìsì wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọn ò dá mi dúró títí mo fi sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní, "Mo bi ọ́ ní Wẹ́sìdeè. O wo ojú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Bàbá kan na ọmọ ẹ̀ lẹ́gba níwájú mi níhìn-ín ní Fúráìdeè. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n kàn nàka sí kọ̀ǹpútà. Mo fi fíláàṣì sí i, mo ṣí ìdí Gbádé, mo wá ìlà méjì yẹn kàn, mo gbé ọmọ sókè, mo gbé bàbá sísàlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi tún un ṣe. Mo ní kó ṣe èsì àwọn mẹ́tàlélógún tuntun. Mọ́kàndínlógún ló yege. Mẹ́rin ṣì kùnà, àwọn yẹn ò kàwé lóòótọ́.

A tẹ ìwé méjì jáde, iná lọ. Epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n rán ẹnì kan lọ ra epo, kò tètè dé. Mò ń wo aago ara ògiri: mẹ́sàn-án kọjá, mẹ́wàá lù. Mo lè sá lọ nígbà yẹn, mo lè bá ọkọ̀ dé Ìkẹjà. Mo ti dìde. Ìyáàfin náà ní, "Ó ku ọmọ mẹ́tàdínlógún." Mo padà jókòó.

Ìgbà tí iná dé, Ọ̀gá Olúgbádé dé pẹ̀lú. Ìyáàfin náà ló ti pè é lórí fóònù. Ọ̀kadà ló gbé e wá, eruku bo ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo rò pé ó máa lù mí. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo ìwé tó ń jáde, ó mú ọ̀kan, ó fi ìka ṣe ìṣirò ẹ̀ lára ògiri. Ojú ẹ̀ yí padà.

Ó ní, "O mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo sọ fún yín, sà. Ẹ̀yin lẹ ní bàbá ni kó kọ́kọ́ dáhùn."

"Kí ni mo mọ̀?" Ohùn ẹ̀ gbọ̀n. "Sàúdátù, kí ni mo mọ̀ nínú ẹ̀? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ta ló ní kó o gbọ́ tèmi?"

Ẹ gbà mí o! Ọdún márùn-ún ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin yìí. Mo ní ọ̀rọ̀ tó tó òkè láti sọ, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Ó na ọwọ́. "Mú ìwé yẹn wá." Mo yọ ọ́ nínú báàgì, mo fún un. Kò ya á. Ó ká a sí méjì, ó fi sápò. "Mẹ́tàlá ló kù. Ìfọ̀, Ọ̀fàdà, Mowé, gbogbo wọn. Ta lo fẹ́ kó lọ tún un ṣe? Èmi?"

Aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé kò sẹ́lòmíì. Èmi nìkan ni mo lè kà á. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ lọ́nà tí ẹlòmíì ò fi ní mọ ìdí ẹ̀, kí wọ́n má bàa lé mi dànù. Ọmọ mélòó ló wà ní ilé ìwé mẹ́tàlá yẹn tí wọ́n ti ń pè ní olódo, mi ò mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo kan ilẹ̀kùn ìdílé Fúnmi. Mo fún bàbá ẹ̀ ní ìwé èsì tuntun, mo ní àṣìṣe wà nínú ti àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe é. Bàbá náà wò ó, ó tún un wò, ó wọlé lọ. Fúnmi gba ìwé náà, ó ka márùndínlọ́gọ́ta jáde lẹ́nu. Kò fò sókè, kò dúpẹ́. Ó ń wo aṣọ Ìkẹjà tó wà lọ́rùn mi.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n ti gbà yín níbi iṣẹ́ yẹn?"

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa, wọ́n ń retí ohun tí màá sọ. Mo ní, "Wọ́n ti gbà mí."

Fúnmi wá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi pariwo "Alhamdulillahi!", wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún wọ aṣọ yẹn, mo kí ìyá mi pé ó dàbọ̀, mo dúró ní ibùdókọ̀ ọkọ̀ Èkó títí wọ́n fi yéé wò mí, tí wọ́n wọlé. Ìgbà náà ni mo sọdá títì, mo wọ ọkọ̀ Mowé padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá.